Mo fẹ́ tún GRE ṣe, 299 ni mo gbà, oṣù 3 ló kù: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Oṣù karùn-ún ni mo jókòó fún GRE, ìdánwò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà fi ń yan àwọn tó fẹ́ kàwé sí i lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́. Èsì mi rèé: ìṣirò 152, èdè 147, àròkọ 3.0. Mo fẹ́ lọ ṣe PhD nínú Statistics ní Amẹ́ríkà, mo sì mọ̀ pé 152 nínú ìṣirò kò lè gbé mi débẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo kàwé. Oṣù 4 gbáko ni mo fi ń jí ní aago 4 ìdájí kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo ṣe ìbéèrè tó lé ní 1,500, mo sì há ọ̀rọ̀ èdè Òyìnbó tó tó 800 sórí. Lọ́jọ́ ìdánwò, nígbà tí abala ìṣirò kejì dé, ó dà bíi pé mi ò kàwé rí. Ìbéèrè 4 ni mi ò fọwọ́ kàn rárá kí àsìkò tó tán.

Bàbá mi ti ní àwọn á bá mi wá owó tí mo máa fi tún un ṣe. $220 kì í ṣe owó kékeré nílé wa, mi ò fẹ́ kó lọ lásán. Ìparí oṣù kẹwàá ni mo ń wò. Ṣé kí n tún bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ látilẹ̀ ni, àbí kí n máa ṣe ìbéèrè kún ìbéèrè? Ẹni tó bá ti tún un ṣe tí máàkì rẹ̀ sì gòkè, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe tó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́?

Akin_Àkúrẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí mi. Èmi náà ń múra sílẹ̀ fún un. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ìbéèrè téèyàn ò bá mọ̀, kó fi í sílẹ̀ lófìfo, torí wọ́n máa ń yọ máàkì. Ẹ má sì bẹ̀rù, wọ́n ní oṣooṣù lèèyàn lè ṣe é. Wákàtí 4 téèyàn fi ń jókòó yẹn ló ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn, torí náà ẹ sinmi dáadáa.

Olùkọ́_Ìṣirò

Akin, jẹ́ kí n tètè tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe kí ẹlòmíì má bàa gbé e lọ. GRE kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Ẹni tó fi àyè sílẹ̀ lófìfo ló pàdánù. Ọjọ́ 21 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdánwò kan àti òmíì, èèyàn kò sì lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ láàárín oṣù 12. Wákàtí 4 yẹn náà ti di ti àtijọ́. Láti oṣù kẹsàn-án 2023 ni ETS, àwọn tó ni ìdánwò náà, ti gé e kù sí wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 58. Àròkọ kan, ìṣẹ́jú 30. Èdè: ìbéèrè 12 ní ìṣẹ́jú 18, lẹ́yìn náà 15 ní ìṣẹ́jú 23. Ìṣirò: 12 ní ìṣẹ́jú 21, lẹ́yìn náà 15 ní ìṣẹ́jú 26. Kò sí ìsinmi láàárín.

Àdùkẹ́, ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ báyìí. Nínú ìbéèrè 1,500 tó o ṣe yẹn, mélòó lo padà sí nínú àwọn tó o kùnà? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ẹni tó ń ṣe ìbéèrè tuntun lójoojúmọ́ tí kò padà wo èyí tó kùnà, ajere ló fi ń pọnmi.

Wá nóòtù kan. Fa ìlà sí ojú ewé rẹ̀ kó pín sí ọ̀nà 4: ìbéèrè náà, ohun tí mo ṣe, ìdí tí mo fi ṣe é, ohun tí màá ṣe bí mo bá tún pàdé irú ẹ̀. Ọ̀nà kẹta niṣẹ́ wà. Má kọ "mi ò farabalẹ̀" síbẹ̀ láéláé. Gbogbo wa la mọ̀ pé o ò farabalẹ̀. Kí lo gbàgbé gan-an?

Wo èyí. Wọ́n ní x² = 9. Apá A ni x, Apá B ni 3. Èwo ló pọ̀ jù? Àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa máa ń sáré tẹ̀ ẹ́ pé wọ́n dọ́gba. Ṣùgbọ́n x lè jẹ́ 3, ó sì lè jẹ́ −3. Ìdáhùn ni pé ohun tí wọ́n fún wa kò tó láti fi mọ̀. Ẹni tó kọ "mi ò farabalẹ̀" máa tún ṣubú síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó kọ "mo gbàgbé nọ́ńbà òdì, níbikíbi tí wọn ò bá ti sọ irú nọ́ńbà tí x jẹ́, màá dán òdì, òdo àti ìdá wò" ti rí nǹkan mú dání.

Òmíì tó máa ń mú wọn: aṣọ kan jẹ́ ₦10,000, wọ́n fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó rẹ̀, wọ́n tún wá yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò. Ojú ọmọ á sọ fún un pé aṣọ ti padà sí ₦10,000. ₦9,600 ni, torí orí ₦12,000 ni wọ́n ti yọ ti ẹ̀ẹ̀kejì. Kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ, kì í ṣe kó o ya fọ́tò ojútùú.

Ọ̀kan kù. Bó o bá ṣe ṣe abala kìíní ni wọ́n fi máa yan abala kejì fún ẹ. Ẹni tó bá ṣe dáadáa nínú 12 àkọ́kọ́ ni wọ́n máa fún ní èyí tó le, ibẹ̀ ni máàkì ńlá sì wà. Torí náà, kì í ṣe abala kejì lo ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í tún nǹkan ṣe.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ ṣeun, tíṣà. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ nóòtù yẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí kò ti tó fún èmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe GRE. Nígbà kejì, mo ní nóòtù, mo kọ gbogbo àṣìṣe mi síbẹ̀ tọkàntọkàn, máàkì mi kúrò ní 301, ó di 302. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí mo wá jókòó ti ara mi ni mo rí i pé mi ò kì í wo aago tí mo bá ń kàwé nílé. Àwọn ọmọ á sùn, èmi á fi ìṣẹ́jú 6 tú ìbéèrè kan, inú mi á dùn pé mo rí i. Ìṣẹ́jú 6 kò sí lọ́jọ́ ìdánwò. Kò tiẹ̀ pé ìṣẹ́jú 2 tó kan ìbéèrè ìṣirò kọ̀ọ̀kan.

Nígbà kẹta, mi ò ṣe ìbéèrè ẹyọ ẹyọ mọ́. Ìbéèrè 12, ìṣẹ́jú 21, fóònù níwájú mi, ó parí. Mo máa ń gba inú ẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, èyí tí mi ò bá rójú ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, màá mú ìdáhùn kan tó sún mọ́ ọn, màá tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń sàmì sí i, màá sì kọjá. Tí mo bá dé òpin, màá padà sí àwọn tí mo sàmì sí. Wọ́n gbà kéèyàn padà bẹ́ẹ̀ nínú abala kan náà. Àdùkẹ́, mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó kéré tán méjì nínú 4 tó o fi sílẹ̀ yẹn rọrùn ju èyí tó o dúró lé lórí lọ. 313 ni mo gbà.

Ti èdè: 800 ọ̀rọ̀ tó o há sórí yẹn, ṣé èdè Òyìnbó lo fi kọ ìtumọ̀ wọn? Èmi fi Yorùbá kọ tèmi, ìgbà yẹn ni wọ́n tó dúró. *Recalcitrant*: olóríkunkun. *Garrulous*: aláròyé. *Parsimonious*: ahun. *Prodigal*: onínàákúnàá. *Equivocal*: ọ̀rọ̀ olójú méjì. *Obsequious*: ẹni tó ń wárí ju bó ṣe yẹ lọ. Màá wá fi ẹnì kan tí mo mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo rí *garrulous* lójú ìdánwò, ojú aládùúgbò wa kan ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.

Kí o sì ṣọ́ra fún àwọn ọ̀rọ̀ tó o rò pé o mọ̀. *Qualified praise* kì í ṣe ìyìn fún ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n. Ìyìn tó ní "àmọ́" nínú ni. *Sanction* lè jẹ́ ìyọ̀ǹda, ó sì lè jẹ́ ìjìyà. Irú wọn ló gba máàkì lọ́wọ́ mi, kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ gígùn.

Bọ̀dá_Houston

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo ilé. Ọdún kẹta mi rèé níbí, nínú ẹ̀ka tó jọ tìẹ, Àdùkẹ́.

Kó o tó na $220 yẹn, ṣí ojú ewé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tó o fẹ́ kọ̀wé sí. Láti 2020 ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ti yọ GRE kúrò. Àwọn kan ní ẹni tó bá wù lè fi ránṣẹ́, àwọn kan ní àwọn ò ní wò ó bó o tiẹ̀ fi ránṣẹ́, àwọn kan ṣì ní dandan ni. Ẹ̀ka ni kó o wò o, kì í ṣe yunifásítì lápapọ̀, torí ẹ̀ka méjì nínú yunifásítì kan náà lè yàtọ̀ síra. Bí 5 nínú 8 tó o yàn kò bá béèrè ẹ̀, ìmọ̀ràn tí wàá gbà yàtọ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó wá láti ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ibí kò mọ̀ dáadáa, máàkì ìṣirò tó ga ń ràn án lọ́wọ́. Ohun tí mo rí nìyẹn.

Mo fẹ́ takò Ìyá_Ìbejì díẹ̀. Statistics ni ọmọ yìí fẹ́ ṣe. Ìṣirò ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Bí mo bá jẹ́ ẹ, mi ò ní fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin àsìkò mi sórí èdè. Láti 152 dé 163 nínú ìṣirò wúlò fún ẹ ju láti 147 dé 158 nínú èdè lọ.

Ọjọ́ náà: ọ̀pọ̀ ẹ̀ka PhD ló ń tì ilẹ̀kùn láàárín ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá àti àárín oṣù kìíní. Èsì gidi máa ń tó ọjọ́ 8 sí 10 kó tó jáde. Tó o bá mú ìparí oṣù kẹwàá, tí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, kò sí àyè mọ́. Fà á wá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, kí ọjọ́ 21 yẹn lè bọ́ sí i bó bá di dandan.

Láńre_Ògbómọ̀ṣọ́

Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé tí ìṣirò bá gòkè tí èdè wá já sílẹ̀, o lè mú ìṣirò tuntun kó o sì mú èdè àtijọ́, kó o fi àwọn méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀.

Bọ̀dá_Houston

Rárá o, Láńre. ScoreSelect, ètò tí ETS fi ń jẹ́ kéèyàn yan èsì tó máa fi ránṣẹ́, kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Odindi ìdánwò ọjọ́ kan lo máa fi ránṣẹ́. O ò lè gé e sí wẹ́wẹ́. O lè fi ti ìgbà kejì nìkan ránṣẹ́ kí wọ́n má mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ wà, o sì lè fi méjèèjì ránṣẹ́. Bí ẹ̀ka kan bá máa fúnra wọn mú èyí tó ga jù nínú méjèèjì, ìyẹn dọwọ́ wọn. Ẹ rántí pé ibi 4 lẹ lè fi èsì ránṣẹ́ sí lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Tó bá kọjá ọjọ́ yẹn, owó ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ há orúkọ ibi mẹ́rin yẹn sórí kí ẹ tó wọlé.

Ìyá_Ìbejì

Bọ̀dá, mo gbọ́, mi ò sì bá yín jà lórí ìṣirò. Ẹ̀ka ìlera gbogbo ènìyàn ni tèmi, wọ́n wo èdè dáadáa níbẹ̀. Àmọ́ 147 ti kéré jù kó kàn fi í sílẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Àdùkẹ́, ilé lo ti ṣe é ni àbí ibùdó ìdánwò? Mo béèrè torí ohun tójú mi rí. Ilé ni mo ti ṣe tèmi. Mo ti gba àga àti tábìlì sínú yàrá, kò sí bébà kankan, bọ́ọ̀dù funfun kékeré kan àti máákà ni mo fi ń ṣe ìṣirò, torí wọn ò gba bébà nílé. Mo ní ínfátà. Ìṣẹ́jú 9 sínú abala ìṣirò kìíní, iná lọ. Kọ̀ǹpútà mi dúró digbí. Ráútà ló kú, torí mi ò so ó mọ́ ínfátà. Nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀! Nígbà tí mo fi padà wọlé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mi ò rántí nǹkan kan mọ́.

Ẹni tó bá máa ṣe é nílé, kó pa iná ilé fúnra rẹ̀ lálẹ́ tó ṣáájú, kó wò ó bóyá gbogbo nǹkan tó nílò ṣì ń ṣiṣẹ́. Kó sì fi bọ́ọ̀dù yẹn kàwé láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó kéré. Ìṣirò gígùn kan ti kún un, wàá sì máa nu ohun tó o ṣì nílò dànù.

Olùkọ́_Ìṣirò

Ẹni tó bá ní agbára ẹ̀, kó lọ sí ibùdó. Bébà ni wọ́n ń fún wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbéra láti Ìbàdàn ní ìdájí ọjọ́ náà kẹ́ ẹ lọ bá gòsílóò pàdé lójú ọ̀nà Èkó. Ẹ lọ sùn síbẹ̀ mọ́jú. Kí orúkọ tẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀ sì bá ti inú ìwé ìrìnnà mu lẹ́tà sí lẹ́tà.

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ará mi. Ilé ni mo ti ṣe ti àkọ́kọ́. Lálẹ́ àná mo jókòó, mo mú ìbéèrè ìṣirò 27, mo fi aago sí i bí Ìyá_Ìbejì ṣe wí. 11 ni mo kùnà. Mo wá kọ wọn sínú nóòtù ọ̀nà mẹ́rin. Mo rò pé àìmọ̀ ló pọ̀ jù. 3 péré ni mi ò mọ̀! 5 ni mo ṣi ìbéèrè kà: wọ́n ní "iye tó kù", mo dáhùn "iye tó lọ", wọ́n ní kí n mú gbogbo ìdáhùn tó bá tọ̀nà, mo mú ẹyọ kan. 3 yòókù, àsìkò ló pa wọ́n. Oṣù 4 tí mo fi jí ní aago 4 yẹn, ohun tí mo ti mọ̀ ni mo ń kà.

Mo ti lo ìdánrawò ọ̀fẹ́ méjèèjì ti ETS tó ń jẹ́ POWERPREP. Ṣé mo lè tún wọn ṣe? Àròkọ ńkọ́? 3.0 yẹn ń dà mí láàmú.

Olùkọ́_Ìṣirò

O lè tún wọn ṣe kó o lè mọ ìdí tó o fi kùnà, àmọ́ má gbára lé máàkì tó máa gbé jáde, torí o ti rí àwọn ìbéèrè náà. Bí owó bá wà, ra ọ̀kan péré nínú àwọn tí wọ́n ń tà, kó o sì pa á mọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà. Àwọn ibi tí ìṣirò ò bá yé ọ látilẹ̀, ọ̀fẹ́ ni Khan Academy.

Inú mi dùn sí nǹkan tó o rí yẹn. Fún 5 tó o ṣi kà: kó o tó tẹ ìdáhùn, ka gbólóhùn ìkẹyìn ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìṣẹ́jú àáyá 3 ni.

Bọ̀dá_Houston

Àròkọ: ETS ti kó gbogbo àkòrí tí wọ́n lè mú jáde síta lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ẹni tó lè kọ gbogbo wọn, àmọ́ mú méjì lọ́sẹ̀ kan, ìṣẹ́jú 30 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń fa 3.0 lọ́pọ̀ ìgbà ni kéèyàn máa sọ̀rọ̀ lókè lókè: "ẹ̀kọ́ dára fún àwùjọ." Èwo ni ẹ̀kọ́? Àwùjọ wo? Sọ nípa ohun tó o mọ̀ délẹ̀délẹ̀, bí ọjà Bódìjà, bí iléèwé tó o lọ. Kó o sì ka ìtọ́ni tó wà lábẹ́ àkòrí, torí ó máa ń yàtọ̀. Ìgbà mìíràn wọ́n á ní kó o sọ ipò tí ọ̀rọ̀ náà kò ti ní rí bẹ́ẹ̀. Tí o ò bá fèsì sí ìyẹn, máàkì ò lè gòkè.

Ìyá_Ìbejì

Kí n má gbàgbé: EducationUSA, àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà ní kó máa gba àwọn tó fẹ́ lọ kàwé níbẹ̀ nímọ̀ràn, ní ọ́fíìsì ní Èkó àti Àbújá. Wọ́n ti ní ètò kan rí tó ń jẹ́ Opportunity Funds fún akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀wé tí owó ìdánwò àti ti ìwé kíkọ sí yunifásítì kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Akin, ìwọ tó o ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn, lọ béèrè bóyá ó ṣì wà.

Akin_Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun, mà. Mo sì tọrọ àforíjì fún àṣìsọ mi lókè yẹn.

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Oṣù kẹwàá ti dé, mo ti ṣe é. Mo sùn sí Èkó lọ́dọ̀ àǹtí mi, mo lọ sí ibùdó. Nínú abala ìṣirò kejì, ìbéèrè kẹta le débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Mo mú ìdáhùn kan, mo sàmì sí i, mo kọjá. Ìṣẹ́jú 3 ló kù nígbà tí mo padà sí i, mo rí i pé òdì ni mo gbàgbé láti dán wò. Ohun tí mo kọ sí ojú ewé kejì nóòtù mi gan-an nìyẹn.

Èsì gidi jáde lánàá: ìṣirò 163, èdè 152, àròkọ 4.0. 315. Mo fi foonù pe bàbá mi, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí.

Ẹ̀ka 6 ni mo fẹ́ kọ̀wé sí, 3 nínú wọn ò béèrè GRE rárá. Bọ̀dá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ jẹ́ kí n tètè mọ̀. Akin, mo ní bọ́ọ̀dù funfun àti máákà 2 tí mi ò lò mọ́. Sọ ibi tí mo lè fi fún awakọ̀ Àkúrẹ́ láti Ìwó Road, kí n fi ránṣẹ́ sí ẹ.

Akin_Àkúrẹ́

Àǹtí mi, ẹ kú oríire! Ilé ọkọ̀ ni màá ti wá gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí nóòtù yẹn náà yá?

Àdùkẹ́_Ìbàdàn

Màá ya ojú ewé méjì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ kó o rí bí mo ṣe fa ìlà sí i. Ìyókù, tìẹ ni wàá kọ síbẹ̀.